Ìkẹ́dùn Sí Ẹbí Baba Mọ́ọ̀dù, Láti Ọ̀dọ̀ Orogún Ìyàwó Rẹ̀

Sí ẹ̀gbọ́n olóògbé àti gbogbo ẹbí,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, àti ojútì díẹ̀, ni gbogbo òṣìṣẹ́ yàrá ìdà, níbi tí a ti ń yọ́ alumíníọ̀mù dà, fi kọ̀wé yìí lórí ikú Baba Mọ́ọ̀dù, ẹni tó sùn sílé tí kò jí mọ́. Ilé-iṣẹ́ wa ń ṣe ẹ̀yà ara ọkọ̀ láti ara alumíníọ̀mù, ó sì ní ẹ̀ka káàkiri àgbáyé. Olóògbé ló ń gbẹ́ mọ́ọ̀dù, ìyẹn ohun oníhò tí a ń da alumíníọ̀mù yíyọ́ sí kó lè di ríìmù ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ríìmù tó bá ti inú mọ́ọ̀dù rẹ̀ jáde kì í gbọ̀n lójú títì, àwọn ẹ̀ka wa lókè òkun sì máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi mọ́ọ̀dù rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti jíṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ fún wa, pé kí ẹnikẹ́ni nínú wa má wá síbi ìsìnkú. Ó ní orogún òun ti gba ọkọ òun tó nígbà ayé rẹ̀, kó fi òkú rẹ̀ sílẹ̀ fún òun. Ọ̀rọ̀ náà dùn wá, ṣùgbọ́n kò yà wá lẹ́nu. Ó pẹ́ tí ìyàwó rẹ̀, Ìyá Onídìrí tó ń dirí ní ṣọ́ọ̀bù, ti ń pe ilé-iṣẹ́ yìí ní orogún. Bí mọ́ọ̀dù kan bá sán, tí ọkọ rẹ̀ pẹ́ dé, tí èéfín ń rùn lára aṣọ rẹ̀, yóò gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, yóò sì bi í pé, "Ṣé orogún mi ò fún yín lóúnjẹ ni?" Olóògbé fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún wa nídìí tíì, á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn àgbà ní obìnrin tí kì í jowú, ọbẹ̀ rẹ̀ kì í dùn. Olóògbé ní ìyẹn ló jẹ́ kí ọbẹ̀ ilé òun máa dùn tó bẹ́ẹ̀.

Àwa náà jowú, kí a má purọ́. Kí aago ìparí iṣẹ́ tó dún tán, ojú rẹ̀ á ti wà ní géètì. Nígbà tí olú ilé-iṣẹ́ ní kó wá máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ lókè òkun, ó ní òun kò lè gbé ibi tí òun kò ti ní máa gbọ́ ohùn ìyàwó òun. Inú bí wa. A ń bi ara wa pé kí ló wà nínú ọbẹ̀ obìnrin yìí gan-an.

Ohun kan wà tí ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀. Níbi iṣẹ́ wa, àgbà tó ń gbẹ́ mọ́ọ̀dù ní ẹ̀tọ́ láti fi àmì kékeré kan sí ẹ̀yìn ríìmù, níbi tí ẹni tó ń gun ọkọ̀ kì í wò. Òòyà ni olóògbé fi ṣe tirẹ̀, òòyà tí eyín kan ti kán láàárín rẹ̀. Ọ̀gá kan ti olú ilé-iṣẹ́ wá, ó ní àlàfo eyín náà jẹ́ àbùkù, kó dí i. Ẹni tí a kò gbọ́ igbe rẹ̀ rí pariwo lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Òòyà tí ìyàwó mi ń lò látìgbà tí mo ti ń fẹ́ ẹ sọ́nà nìyẹn. Tí ẹ bá dí àlàfo yẹn, ó ti di ti ẹlòmíì." Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. A ní kó sọ fún un nílé, ó kọ̀. "Á ní mò ń tan òun ni. Ọjọ́ tí mo bá fẹ̀yìn tì, màá gbé ọ̀kan lọ bá a." Ikú kò jẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí a wá. A kò ní gbé àsíá ilé-iṣẹ́ dání, ẹ̀yìn gbogbo èèyàn la óò dúró sí. Ríìmù kan ṣoṣo la óò gbé wá, èyí tó jáde gbẹ̀yìn nínú mọ́ọ̀dù rẹ̀. Bó bá ṣì kọ̀, a óò gbé e sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, a óò sì padà. Èyí ó wù kó jẹ́, ilé-iṣẹ́ yóò gbọ́ bùkátà ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ títí wọn yóò fi jáde.

Kí Ọlọ́run tu ìyàwó àti ọmọ nínú, kó dúró ti ilé tí olóògbé fi sílẹ̀. Nígbàkígbà tí ọkọ̀ bá sì ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ìdìrí náà, kó jẹ́ kí Ìyá Onídìrí rántí pé gbogbo ibi tí orogún rẹ̀ dé láyé, òòyà tirẹ̀ ló gbé sára lọ.

Olórí yàrá ìdà,
lórúkọ gbogbo òṣìṣẹ́.