Òní Ọjọ́ Mẹ́jọ

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Ọmọbìnrin tuntun tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà wọ ọ́fíìsì wa láàárọ̀, ó ju ọwọ́ sí mi bí ẹni ń lé eṣinṣin. Kò sí "ẹ káàárọ̀", kò sí nǹkan kan. Èyí kò bójú mu. Mo bá a wí. Ó yọ ohun tó fi ń gbọ́ orin kúrò ní etí rẹ̀, ó ní: "Ẹ má bínú, ọ̀gá." Ajuwọ́ ni n ó máa pè é níhìn-ín.
Aṣírò-ọjọ́ ni mo gbé lé e lọ́wọ́: àkójọ ìlànà tí kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn wa fi ń mọ ọjọ́ tí aláìsàn yóò padà wá gba abẹ́rẹ́. Mo kọ ohun tí mo fẹ́ sórí ìwé fún un.

Ìṣẹ́gun, 4
Ìyá mi gba àkọ́kọ́ nínú abẹ́rẹ́ tí ń fún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lókun; dókítà ní kó gba òmíràn ní òní ọjọ́ mẹ́jọ. Ó ní kí n má di òun lọ́wọ́ mú bí ọmọ ọwọ́. Mo dì í mú.

Ọjọ́rú, 12
Abẹ́rẹ́ kejì. Aṣírò-ọjọ́ ló fi ọjọ́ ránṣẹ́ sí fóònù Ìyá. Ajuwọ́ mọṣẹ́. N kò sọ fún un.

Ọjọ́bọ̀, 20
Abẹ́rẹ́ kẹta. Lánàá, Ìyá kò lè dìde lórí àga — ètè rẹ̀ funfun.

Ẹtì, 28
Lánàá, òòyì gbé Ìyá ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. A dúpẹ́, eegun kò ṣẹ́.
Lórí bẹ́ǹṣì lónìí, bí a ti ń dúró de abẹ́rẹ́ kẹrin, ó ní: "Ọkọ mi, Ìṣẹ́gun la bẹ̀rẹ̀. Ó di Ọjọ́rú, ó di Ọjọ́bọ̀, lónìí ó di Ẹtì. Ṣé abẹ́rẹ́ náà ń rìnrìn àjò ni?" Ó ka ìka rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí Ìṣẹ́gun fúnra rẹ̀. Ìka kẹjọ — Ìṣẹ́gun.
Mo gba ọ́fíìsì lọ. Mo bú Ajuwọ́ lójú gbogbo ènìyàn: ìran tí kò lè kí àgbà, kò lè ka ìka. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé kan síwájú mi.
Ìwé tí mo kọ. "Fi ọjọ́ mẹ́jọ kún un." Bí Ìyá ti ń kà ni mo kà, tòní tòní. Kọ̀ǹpútà kì í ka òní. Láti ọ̀la ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Méje ló yẹ kí n kọ.
Ajuwọ́ sọ jẹ́jẹ́ pé: "Mo fura, ọ̀gá. Mo fẹ́ bèèrè. Ẹ̀rù yín ló bà mí."

Àbámẹ́ta, 29
Mo jẹ́wọ́ fún Ìyá. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Abéèrè kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ojú tí o máa ń fà ro yẹn, ta ni yóò bi ọ́?" Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu iwájú orí mi, bí ìgbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́.

Ohun tí ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e: aláìsàn mọ́kànlélógún ló wà lórí ètò náà. Pe gbogbo wọn kí ọ̀sán tó pọ́n. Ní Ọjọ́ Ajé, tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà, lójú àwọn tí wọ́n gbọ́ èébú. Abẹ́rẹ́ Ìyá tó kàn: Ẹtì, 4 Oṣù Kẹrin. Ọjọ́ kan kò gbọdọ̀ lé e.