Lẹ́ńsì Gígùn àti Àpò Gàrí Màámi

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín níbi tí mo wà yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gún ló kún ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹ bá mi kí Bàámi, ẹ ní mo kí wọn kú iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù, kú ìfaradà àwọn oníbàárà tó máa ń fẹ́ kí fọ́tò sọ wọ́n di ẹlòmíràn. Ẹ bá mi kí Dúpẹ́ àbúrò mi, tó ní láti ti ilé ìwé tó ti ń ṣe tíṣà ní Odògbolu dé lọ́jọ́ Ẹtì kó tó ráyè ka lẹ́tà mi sí yín létí. Ẹ sì kí àwọn ìyá ẹgbẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ ó máa rò ó pé kí ló dé tí mo gbé lẹ́tà yìí fún oníwèé ìròyìn dípò kí n lẹ sítáǹpù mọ́ ọn bí mo ṣe máa ń ṣe. Ìdí rẹ̀ ni pé gbangba ni ẹ̀yin náà ti sọ ọ̀rọ̀ tó bí i. Dúpẹ́ kọ̀wé sí mi pé nígbà tí ẹgbẹ́ yín fẹ́ ya fọ́tò ọdún, ẹ dìde kúrò láàárín wọn, ẹ sì sọ fún gbogbo wọn pé ẹ̀yin kì í ṣe ẹni tí à ń yà ní fọ́tò mọ́, pé ara yín ti bàjẹ́, kámẹ́rà kò lè gbé e. Màámi, kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀, ojú gbogbo ayé ni mo sì fẹ́ ti kó o kúrò nílẹ̀. Mo ní ohun kan tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ara mi.

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí tí mo ti wà ní òkè Ọya, nínú igbó tí ìjọba ti ń tọ́jú ẹranko. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ya àwọn ẹranko náà fún kàlẹ́ńdà àti ìwé pélébé tí wọ́n fi ń pe àlejò wá wo igbó. Ẹ rántí pé lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀, Bàámi bi mí pé ta ni yóò wá san owó fọ́tò fún ẹtu. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí ẹ̀rín yẹn ti tán lẹ́nu mi.

Ó rẹ̀ mí, Màámi. Oòrùn ibí kì í ṣe irú tiwa. Tó bá ti di agogo mẹ́wàá àárọ̀, ooru á máa gòkè láti ilẹ̀, ohun gbogbo á sì máa jó lójú ẹni, bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo òdìkejì agbada gàrí tó wà lórí iná. Tí ọyẹ́ bá dé, eruku á bo ilé, á bo oúnjẹ, ètè ẹni á là. Nínú ọgbà òṣìṣẹ́ wa, kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ èdè wa. Mo ti gbọ́ Hausa tó èyí tí mo lè fi ra ẹran, ṣùgbọ́n kò tíì tó èyí tí mo lè fi sọ pé àárò ilé ń sọ mí. Ọjọ́ Àìkú ló burú jù. N ó jókòó síwájú yàrá mi, n ó máa nu lẹ́ńsì tí kò dọ̀tí. Owó tí mo ń fi ránṣẹ́ kò tó nǹkan, mo mọ̀, kí Dúpẹ́ má fi ẹnu dídùn bò mí mọ́lẹ̀.

Lẹ́ńsì yẹn gan-an ni ìtàn mi. Èyí tí ọ́fíìsì fún mi kúrú. Bí mo bá fi ya erin, àfi kí n fi ìka tọ́ka sí i fún ẹni tó ń wo fọ́tò pé erin rèé. Àwọn lẹ́ńsì ńlá tí àwọn òyìnbó fi ń ya ẹranko, irú wa kò lè súnmọ́ owó wọn. Ṣùgbọ́n olùkọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ta ọ̀kan tó ti lò fún mi lọ́pọ̀. Ó gùn bí ọmọ odó. Bí mo bá fà á síta, ohun tó jìnnà á wá sí tòsí. Bí mo bá tì í wọlé, á padà sí àyè rẹ̀. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé mo fi ya igún orí òrùlé ọ́fíìsì títí fíìmù fi tán. Nígbà tí mo fọ fíìmù náà, kò sí igún kan tó ní ojú. Gbogbo wọn ló rí bàìbàì.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ ni pé bí lẹ́ńsì bá ti gùn tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń sọ gbígbọ̀n kékeré di ńlá. Ọwọ́ mi kò gbà á. Mo gbé e lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, afẹ́fẹ́ ń mì ín. Mo gbé e lé fèrèsé mọ́tò, ó ń yọ̀ lórí irin. Màámi, ibí yìí ni kí ẹ ti bá mi fìyè dénú. Gàrí tí ẹ dì fún mi nígbà tí mo ń bọ̀, èyí tí ẹ dín kẹ́yìn kí Dúpẹ́ tó gba igbá lọ́wọ́ yín, mo kọ̀wé sí yín pé mo ti mu ún tán, pé ó kan dáadáa. Irọ́ ni mo pa. Mo rán an mọ́ inú àpò aṣọ, orí rẹ̀ ni mo ń gbé lẹ́ńsì lé.

Ẹ má rò pé mo kẹ́gàn oúnjẹ. Mo kọ́kọ́ lo iyanrìn, ó ń jò sínú kámẹ́rà. Mo lo ẹ̀wà, kòkòrò wọ̀ ọ́. Gàrí yín gbẹ, ó kúnná, lẹ́ńsì á rì sínú rẹ̀ díẹ̀, á sì dúró jẹ́ẹ́. Ìgbà míì tí ebi bá pa mí nínú igbó, n ó kan fi imú sí àpò náà, n ó sì tún gbé e padà sí fèrèsé. Ẹ má sọ fún Bàámi pé gàrí ni ìrọ̀rí iṣẹ́ mi, wọn ò ní jẹ́ kí n gbádùn bí mo bá délé.

Láti ìgbà náà, igi àti òkúta wá ń hàn kedere nínú fọ́tò mi. Ẹranko ló kọ̀. Ẹ ó rí ara erin débi pé ẹ lè ka ìhunjọ awọ rẹ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ àti imú gígùn rẹ̀ á rí bí èéfín. Ọ̀gá wa wò wọ́n, ó dá wọn padà. Ó ní bí òjò àkọ́rọ̀ bá fi lè rọ̀ kí n tó mú èyí tó dára wá, àwọn á wá ẹlòmíràn. Mo dá lẹ́ńsì lẹ́bi. Mo ní nǹkan ọ̀pọ̀ ni, kí ni mo tún ń retí lára rẹ̀.

Ẹni tó là mí lójú ni Màlámù Gàrùbá, bàbá tó ń wa mọ́tò wa, tí èmi àti òun máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ bá ara wa sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, a wà létí odò, ó ní kí n má bínú, ohun wo ni mo máa ń sọ lẹ́nu kí n tó tẹ kámẹ́rà. Mi ò mọ̀ pé mo ń sọ ọ́ síta. Mo ṣàlàyé fún un pé ohun tí bàbá mi máa ń sọ fún oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù ni, pé kí wọ́n má mira. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé orí lé sítíárì mọ́tò. Ó ní, “Bánjọ, ta ló sọ fún ọ pé erin wá ya fọ́tò?”

Eré ló fi ṣe, ṣùgbọ́n mi ò lè rẹ́rìn-ín. Ẹ ṣáà mọ ẹ̀kọ́ tí gbogbo wa kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù: dín ojú lẹ́ńsì kù, kí ohun gbogbo lè hàn láti fìlà dé bàtà, jẹ́ kí kámẹ́rà la ojú pẹ́ díẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè tó, kí o wá ní kí oníbàárà má mira. Oníbàárà á gbọ́. Ìjẹ̀bú tó ti sanwó ni, á di èémí mú títí di ọ̀la bí o bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó dára ni fún ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni mo gbé e wọ inú igbó, tí mo ń lò ó fún ẹranko tí kò bá mi dá àdéhùn kankan.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣí ojú lẹ́ńsì náà sílẹ̀ gbagada. Mo ki fíìmù tó tètè ń gba ìmọ́lẹ̀ bọ kámẹ́rà, mo sì jẹ́ kó máa ṣẹ́jú kíákíá bó ṣe lè yá tó. Mi ò fa lẹ́ńsì náà dé òpin, nítorí ibi tó ti gùn jù ni ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Màlámù sún mọ́tò mọ́ iwájú dípò bẹ́ẹ̀, ó sì pa á. Ooru kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Mo gbé lẹ́ńsì lé gàrí yín, mo wo ẹyinjú erin nìkan, mi ò sì sọ ohunkóhun. Erin gbọn etí, ó fa omi, ó dà á sí ara rẹ̀ lẹ́yìn.

Nígbà tí mo fọ fíìmù, etí rẹ̀ dúró. Ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan dúró lójú òfúrufú, ẹ lè kà wọ́n. Ọ̀gá wò ó, ó sì gbé e sínú fáìlì kàlẹ́ńdà. Iṣẹ́ mi kò bọ́.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Mo lọ sí yàrá mi lọ́sàn-án gangan, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún. Fọ́tò yín tó wà lára ògiri ni mo rí.

Ẹ̀yin rántí ọjọ́ náà jù mí lọ. Mo fẹ́ mú fọ́tò yín dání lọ sí òkè Ọya. Ẹ wọ aṣọ òkè yín, ẹ jókòó sórí àga Bàámi. Mo dín ojú lẹ́ńsì kù bí mo ṣe kọ́ ọ. Mo ní kí ẹ má mira. Ọwọ́ yín ń gbọ̀n, orí yín ń mì, bí àìsàn yín ti máa ń ṣe. Mo tún un sọ. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo pariwo mọ́ yín, èmi tí ẹ bí. Ẹ di apá àga mú títí iṣan ọwọ́ yín fi yọ. Nígbà tí fọ́tò náà jáde, ojú yín di méjì. Ẹ wò ó pẹ́, ẹ wá ní, “Bánjọ, má yà mí mọ́. Èmi ni ò dáa.” Ohun tó ń dùn mí jù ni pé mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, mo palẹ̀ ẹrù mi mọ́, mo lọ.

Màámi, ẹ̀yin kọ́ ni ẹ ò dáa. Èmi ni mo jẹ́ kí kámẹ́rà la ojú sílẹ̀ nígbà tó yẹ kó ṣẹ́jú. Kí àwọn ìyá ẹgbẹ́ yín gbọ́, kí gbogbo ará àdúgbò wa lọ́nà Ìmùṣin gbọ́. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn ló dín gàrí tó ń bá mi di lẹ́ńsì mú.

Ohun tí mo ń tọrọ nìyí. N ó wálé ní Kérésìmesì, n ó sì gbé lẹ́ńsì náà dání. Ẹ má lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ má jókòó sórí àga. Ẹ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé nínú oòrùn àárọ̀, níbi tí ẹ ti máa ń ṣa ẹ̀wà, èmi á wà lọ́hùn-ún lẹ́bàá kànga. Bàámi á ní a kì í ya èèyàn iyì nínú oòrùn. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ máa ṣa ẹ̀wà yín, ẹ máa bá Dúpẹ́ wí, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Kí ọwọ́ ó gbọ̀n, kí orí ó mì. N ó dákẹ́.

Olúwa yóò dá yín sí fún wa, ẹ̀yin àti Bàámi, ojú yín kò ní rí ibi. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà. Màlámù Gàrùbá ní kí n kí yín, ó sì ń béèrè irú gàrí tó lè gbé ẹrù bẹ́ẹ̀. N ó gbé àpò náà wá, ẹ ó tú u fúnra yín, bó bá ṣì ṣeé mu, a ó jọ mu ún. Mo ti ká fọ́tò àtijọ́ yẹn kúrò lára ògiri. Mi ò yọ ìṣó rẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín, tó pariwo mọ́ yín lọ́jọ́ náà,
Bánjọ.