Sí Adékọ́lá, Nípa Bàbá Jọ́ọ̀jì Tó Ń Mu Sìgá Lẹ́yìn Ilé Yín

Agboolé Onítábà,
Ọ̀nà Ìsẹ́yìn.

Adékọ́lá ọmọ mi, ọkọ Tèmítáyọ̀, bàbá Détọ́lá,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí ọmọ mi kékeré tó ń bẹ nínú ilé àti èyí tó ń bẹ nínú ikùn. Ẹ kú òtútù, ẹ kú iṣẹ́ òru, ẹ kú ìrìn orí títì yẹn tí kì í tán. Ọlọ́run tó gbé mi wá sọ́dọ̀ yín nínú ọkọ̀ òfuurufú tó sì tún gbé mi padà sílé láìfarapa, òun náà ni yóò máa bá ọ di ọwọ́ mọ́tò mú lójú ọ̀nà Dallas. Àmín. Ara mi le. Orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń dùn mí díẹ̀díẹ̀, má sì bínú pé mo dárúkọ orúnkún, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ orúnkún ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa lórí fóònù.

Kí n tó dé ibẹ̀, jẹ́ kí n ròyìn ilé. Afẹ́fẹ́ tó ṣíwájú òjò gbé páànù ilé ìdáná lọ sínú oko ẹ̀gẹ́ Adéjùmọ̀ aládùúgbò wa, Adéjùmọ̀ sì ní òun ò kọ́kọ́ mọ̀ pé páànù ni, òun rò pé ayé ti parí, ó ṣáà ti mu ẹmu. Abẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé rẹ̀ ló ṣì ń gbé agbè kalẹ̀ sí ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ẹni tó bá sì kọjá tí kò yà, ó gbà pé ẹni náà ń bá òun ṣọ̀tá ni. Báńkì náà ní kí n mú ojú mi wá. Mo ní ojú wo, ojú tí mo gbé wá síhìn-ín lóṣù tó kọjá náà ńkọ́? Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní kí n wo inú ẹ̀rọ kan, kí n máa ṣẹ́jú, mo ṣẹ́jú títí omi fi ń jáde lójú mi, ó ní ó ti gbà mí wọlé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà, mo ní kó bá mi kí owó mi.

Firdaus tó ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ àgbà ló ní kí n fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí, pé òun á ya fọ́tò rẹ̀, á sì fi ránṣẹ́ sínú fóònù rẹ. Mo ní kó rọra yà á kí ọ̀rọ̀ má baà kúrò lórí ìwé kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, kó sì ya ẹ̀yìn rẹ̀ náà, torí mo kọ ọ́ tojú tẹ̀yìn.

Ó dáa. Lọ́jọ́ tó o pè, o ní Sítẹ́là tó ń gbé nísàlẹ̀ yín fi fídíò kan hàn ọ́, o rí ìyá rẹ lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn ọmọdébìnrin, ojú sì tì ọ́. O ní oyún Tèmítáyọ̀ ti wọ oṣù keje, ẹ fẹ́ kí n tún wá bá yín gbé ọmọ, ṣùgbọ́n kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí n ṣèlérí pé màá fi aáṣà tí mò ń fà símú sílẹ̀ nílé, pé mi ò sì ní lọ jókòó ti onísìgá lẹ́yìn ilé mọ́. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo fẹ́ gbé ọmọ yẹn, mo ti ń rí i lójú àlá. Ṣùgbọ́n gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ná, torí lórí fóònù o kì í jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀, wàá ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni.

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ yín ní Grand Prairie, ilé yín dára, omi gbígbóná ń jáde lára ògiri, ẹran kò wọ́n. Èèyàn ló wọ́n. Ìwọ á ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ kí ọ̀nà má baà dí, Tèmítáyọ̀ á dé láti ọsibítù, á kí mi, á wẹ̀, á gbé ọmọ mọ́ra, àwọn méjèèjì á sùn. Èmi á jókòó máa wo fìríìjì, òun náà á máa kùn sí mi. Bí mo bá yọjú lójú fèrèsé, mọ́tò ni mò ń rí, mi ò rí ẹnì kan tó ń fẹsẹ̀ rìn tí mo lè bi léèrè pé ibo lò ń lọ.

Lórí ọ̀rọ̀ aáṣà, Tèmítáyọ̀ kò rí mi fín. Ó kúnlẹ̀ kó tó sọ pé Màámi, ẹ má bínú, òórùn yẹn kò dáa fún ọmọ, ṣọ́ọ̀ṣì wa náà kò sì fẹ́ tábà nínú ilé. Mo ní kò sí wàhálà, mo mú agolo mi, mo sọ̀kalẹ̀, mo gba ẹ̀yìn ilé lọ síbi àpótí irin ńlá tí ẹ ń da ìdọ̀tí sí. Wọ́n lẹ àwòrán sìgá kan mọ́ ògiri lẹ́bàá ilẹ̀kùn, wọ́n fa ìlà pupa kọjá lára rẹ̀, mo sì rò pé wọ́n ti ń tà á níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, pé ó ti tán.

Ibẹ̀ ni mo ti bá bàbá kan tó ń jẹ́ Jọ́ọ̀jì. Aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ni, irun rẹ̀ funfun, ó wọ kóòtù, ó dá dúró, ó ń mu sìgá. Ó pè mí ní Mama, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé mo jù ú lọ, tí mi ò fi pè é ní ẹ̀yin. Èéfín rẹ̀ fẹ́ sí mi, Adékọ́lá, ọkàn mi sì lọ tààrà sí ilé alámọ̀ tí bàbá rẹ ti máa ń fi iná yan ewé tábà, bí a ṣe ń so ewé mọ́ ọ̀pá, tí òórùn rẹ̀ á wọ aṣọ wa, á wọ irun wa, á wọ inú ẹ̀kọ tí à ń jẹ. Mo kàn fìdí lélẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì ni. Mi ò mọ̀ pé omi ti ń bọ́ lójú mi àfìgbà tí ó fún mi ní pépà kí n fi nu ojú.

Láti ọjọ́ yẹn la ti jọ ń jókòó. Mi ò gbọ́ èdè rẹ̀, kò gbọ́ tèmi, ṣùgbọ́n ó máa ń fetí sílẹ̀ jù ọ́ lọ. Mo bù lára aáṣà mi fún un lọ́jọ́ kan, ó sín títí ajá ẹnì kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbó lókè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan náà máa ń wá síbẹ̀, nǹkan kékeré bíi bírò ló ń fà lẹ́nu, èéfín rẹ̀ ń ta sánsán bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Mo mọ̀ pé oògùn ikọ́ ni, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo fún un ní orógbó kan, ó gé e jẹ, ó wo ojú mi, kò sì padà wá mọ́. Mo nírètí pé ikọ́ náà ti lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Jọ́ọ̀jì mú ìgò bíà wá, ó fi pépà wé e láti ìdí dé ọrùn. Mo rò pé ẹni tó tà á fún un ló gbàgbé láti tú u, mo bá bá a bọ́ pépà náà, ó sáré gbà á, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tún wé e padà. Tèmítáyọ̀ ló là mí lóye pé níbi púpọ̀ lọ́hùn-ún èèyàn kì í gbé ọtí jókòó síta gbangba, pé ọlọ́pàá lè bi í. Mo ronú sí i títí. Níhìn-ín, ẹni tó bá bo ọtí mu là ń fura sí, a ó ní ó jí i gbé ni, tàbí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun tọ́ ọ wò. Adéjùmọ̀ ń mu tirẹ̀ létí títì, ó ń na agbè sí àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì.

Ṣùgbọ́n ti sìgá ló dà mí láàmú jù. Nílé wa, ọmọ ló ń fi sìgá sá fún bàbá. O rántí ọjọ́ tí Ọlákúnlé ẹ̀gbọ́n rẹ rí bàbá yín lọ́ọ̀ọ́kán, tó ki sìgá oníná bọ àpò, tí ṣòkòtò ń rú èéfín, tí òun sì dọ̀bálẹ̀ tó ń kí wọn pé ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Lọ́hùn-ún, bàbá ló ń sá fún ọmọ. Bí mọ́tò Sítẹ́là ọmọ rẹ̀ bá ti ń yà wọlé báyìí, Jọ́ọ̀jì á tẹ sìgá pa, á máa fi ọwọ́ lé èéfín lọ, arúgbó tó tó yẹn! Ọmọ rẹ̀ á kí i láti òkèèrè, á wọlé. Mo ní nǹkan kan wà láàárín àwọn méjèèjì yìí, kò sì sí ẹni tó bá wọn dá sí i.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù kìn-ín-ní, tí òjò ń dì sára mọ́tò, mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí i tó ń gbọ̀n. Mo gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì mi sọ̀kalẹ̀, mo fi bò ó, mo nawọ́ sí ilé pé kí ló dé tí kò wọlé. Ó tọ́ka sí sìgá, ó tọ́ka sí ilé, ó mi orí, ó ní dọ́tà, dọ́tà, ó sì ṣe ọwọ́ bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn. Kí ló tún kù? Ọmọ ti lé bàbá rẹ̀ jáde sínú òtútù. Mo wò yíká bóyá mo lè rí àgbà kan, kò sí baálé, kò sí olórí ẹbí, mọ́tò nìkan ló tò síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ti di tèmi.

Mo lọ sẹ́nu ọ̀nà Sítẹ́là, mo kan ilẹ̀kùn, mo kúnlẹ̀. O ń bi mí ìdí tí mo fi kúnlẹ̀ fún ẹni tí mo lè bí. Torí pé bí àgbà bá kúnlẹ̀ fún ọmọdé, ọmọdé á sáré gbé e dìde, ohun tó bá sì bẹ̀ ẹ́ á gbà. Ìwọ sọ fún mi bí o bá ti rí ẹni tó kọ̀ ọ́ rí. Mo rò pé gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn kò ṣí, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀. Iná kan tàn lára agogo ẹnu ọ̀nà, ohùn Sítẹ́là jáde, ó ń bi mí nǹkan. Mo ní ọmọ mi, jọ̀ọ́, nítorí Ọlọ́run, dárí ji Jọ́ọ̀jì. Ó tún bi mí. Mo ní Jọ́ọ̀jì, Jọ́ọ̀jì, mo nawọ́ sí ẹ̀yìn ilé, mo káwọ́ lérí, mo ń sunkún. Mo rò pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà tó ń wò mí tí kò ṣí i, mo ní ọkàn ọmọ yìí mà le o, mo bá jókòó ti ìkúnlẹ̀ mi. Mi ò mọ̀ pé ibi iṣẹ́ ló wà ní Lewisville, pé fóònù ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, pé agogo ẹnu ọ̀nà náà ló sì ń ya fídíò tó o wò.

Orúnkún mi ti kú kí mọ́tò rẹ̀ tó já wọ ọgbà. Kò tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́tò. Ó kọjá lára mi, ó ń pariwo Daddy, Daddy, ó sáré gba ẹ̀yìn ilé, mo ń tiro tẹ̀lé e. Jọ́ọ̀jì wà níbẹ̀, bùláńkẹ́ẹ̀tì mi ní èjìká, sìgá lẹ́nu. Ó rí ọmọ rẹ̀, ó sáré ju sìgá nù. Sítẹ́là kò wo sìgá. Ó fò mọ́ ọn, ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́, ó fi ojú pamọ́ sínú kóòtù tó ń rùn tábà yẹn, kò sì gbé imú kúrò. Jọ́ọ̀jì ń wò mí láti orí èjìká rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bi mí pé kí ni mo sọ fún un.

O wá sọ fún mi lórí fóònù pé Sítẹ́là rò pé bàbá òun ti kú ni. O ní kò lé e jáde rí, pé Jọ́ọ̀jì ní kọ́kọ́rọ́ ilé lápò, pé sìgá ló pa ìyá Sítẹ́là, ìyẹn ni kò fi lè fara da èéfín nínú ilé. Mo gbọ́. Ojú tì mí díẹ̀, àánú ọmọ náà sì ṣe mí, mo ti ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà. Ṣùgbọ́n èyí tí o kò rí nínú fídíò nìyí. Lọ́jọ́ kejì, Sítẹ́là gbé àga méjì wá sẹ́yìn ilé. Ó gbé ti bàbá rẹ̀ kalẹ̀, ó gbé tirẹ̀ síbi tí atẹ́gùn ti ń wá kí èéfín má baà kàn án, ó fi fóònù sápò, ó jókòó tì í títí sìgá fi jó tán. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe nígbàkigbà tó bá wà nílé, títí mo fi kúrò lọ́dọ̀ yín.

Nítorí náà, èsì mi nìyí. Màá fi aáṣà sílẹ̀. Imú ọmọ tuntun kò gba nǹkan líle, Tèmítáyọ̀ sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí òórùn tábà tì ọ́ lójú nítorí tèmi, torí tábà ni bàbá rẹ, tí kò fi í sẹ́nu rí, tà tó fi rán ọ níléèwé títí tó o fi mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ti ẹ̀yìn ilé ni mi ò lè ṣèlérí. Bí mi ò bá tilẹ̀ ní agolo lọ́wọ́, màá sọ̀kalẹ̀, torí kì í ṣe aáṣà ni mò ń wá lọ síbẹ̀, ẹni tí yóò jókòó tì mí ni.

Fi owó páànù ránṣẹ́ kí òjò ńlá tó dé, kí o sì fi ti ìpara orúnkún lé e. Ṣùgbọ́n ti àga ṣe pàtàkì jù. Bá mi ra àga méjì, irú èyí tó ṣeé ká, kí o gbé wọn sẹ́yìn ilé kí n tó dé. Ọ̀kan jẹ́ tèmi. Èkejì kì í ṣe ti Jọ́ọ̀jì, Jọ́ọ̀jì ti ní tirẹ̀. Tìrẹ ni.

A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀ Tèmítáyọ̀. Ọ̀nà kò ní nà ọ́, iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ọjọ́ tí ìwọ náà bá darúgbó, ní ilẹ̀ yòówù kó jẹ́, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o dá nìkan dúró síta.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àṣàkẹ́.