Múníra Lórí Fóònù, Tọ́pẹ́ Nínú Ṣọ́ọ̀bù

Bàbá mi, ẹni tí mo kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ láyé,

Èmi ọmọ yín tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ ni. Ìyàwó mi ti tẹ̀lé yín. A ti sin ín, àwọn àlejò ti lọ, wọ́n ní n ó sunkún tó bá yá. Mi ò tíì sun ún. Mo ṣì ń dá àpárá, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, èmi nìkan ni kò gbọ́ adùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ yín ní Òkèrèwè ni mo bá wá. Mo fẹ́ tì í pa. Ọmọ iṣẹ́ méjì ló kù. Múníra ń tọ́mọ lọ́wọ́ ní Edunabon, ó ní kí n máa kọ́ òun lórí fóònù. Ó bá mi lára mu, mi ò kúkú fẹ́ jáde nílé. Mo ní kí Tọ́pẹ́ ará Modakeke náà ra dátà.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe ń fi ìgbúnwọ́ gbún ọmọ iṣẹ́ tó bá bọ́ síwájú tábìlì, pé ẹ̀gbẹ́ yín ni kó dúró sí? Ìkà ni mo pè é. Àfi ìgbà tí Múníra rán ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀. Ó kọjú sí mi nínú fóònù, ọ̀tún mi di òsì lójú rẹ̀, ihò bọ́tìnnì wá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tó máa ń wà lára aṣọ obìnrin. Ọkọ wọ̀ ọ́ lọ kírun Jímọ̀.

Múníra pè mí: “Bàbá, ẹ ti sọ ọkọ mi di ìyàwó.”

Mo ní kó kú oríire orogún.

Mo wá gbé fóònù sókè lẹ́yìn èjìká mi, kó lè máa wo ọwọ́ mi bí ẹni tó dúró tì mí. Láti ìgbà náà, bí ọmọ bá sùn, á tún fídíò wò títí á fi yé e. Iṣẹ́ rẹ̀ ti ń mọ́. Fóònù tó fún un.

Tọ́pẹ́ ní tirẹ̀ ń wo fóònù bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Á mi orí, á sì gé aṣọ aláṣọ bàjẹ́. Ọjọ́ tó wá kí mi nílé, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú mọ́ sísọ́ọ̀sì, a jọ gé aṣọ kan, ó lọ tààrà.

“Bàbá, ọwọ́ ni mo fi ń gbọ́ iṣẹ́. Ẹ má ti ṣọ́ọ̀bù.”

Mo ní bóyá etí ló fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n bí mo bá tì í, orí ọ̀kadà tó ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀ ló máa padà sí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Ìyá kú, ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi eyín já òwú títí mo fi bi yín bóyá òwú ló ń já eyín, ẹ ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì. Ṣé ó wù yín ni? Kí lẹ fi dìde?

Láàárọ̀ yìí, mo ṣí i. Inú mi ò dùn, kò bàjẹ́. Tọ́pẹ́ gbálẹ̀, ó dúró tì mí, a gé ṣòkòtò kan. Nígbà tó ń lọ, mo ní kó tètè dé lọ́la. Ó ti kọjá títì kí n tó mọ̀ pé mo ti ṣèlérí ọ̀la fún èèyàn.

Èmi ni, ìyọnu yín tí kò yéé fẹ́ràn yín.