Bàbá Inú Ìtàn Mi Kò Tíì Sọ̀rọ̀ Tán

Bàbá mi, ẹ kúulé o, níbikíbi tí ẹ bá fi ṣe ilé báyìí,

Ní ọ̀sán gbogbo, tí mo bá ti kírun Alásárì tán, mo máa ń fi àkísà tútù nu tábìlì mi lẹ́ẹ̀mejì. Ní àkọ́kọ́, àkísà náà á pọ́n bíi omi àgbàrá, nítorí eruku ọyẹ́ Ṣakí kò mọ̀ pé wọ́n ti fèrèsé. Ní ẹlẹ́ẹ̀kejì ni igi tábìlì á tó hàn. Màá to bébà mẹ́ta sílẹ̀, màá fi òkúta kékeré tẹ̀ wọ́n, màá fi bíléèdì gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù mi sínú ìdérí agolo mílíìkì. Lẹ́yìn náà màá jókòó, màá gbọ́wọ́ lé itan, màá máa dúró. Ìdúró náà kì í pẹ́ mọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Ẹ ò mọ̀ pé mo ti wọ ẹgbẹ́ kan. Èmi tí ẹ máa ń sọ pé bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti máa wá mi. Mo lo oṣù mẹ́ta ní ìlú yìí tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ mi àfi Ìyá Mùnírátù, onílé mi. Akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ni wá nínú ẹgbẹ́ náà. À ń kọ ìtàn tuntun bí ẹni pé ayé Ọbabìnrin Fitóríà la wà: gbólóhùn gígùn, àtùpà, lẹ́tà tí wọ́n fi ìda lẹ̀, ilé ńlá tó ní yàrá kan tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí. Dàpọ̀, olórí wa, ní àwọn òǹkọ̀wé òde òní pọ̀ lókè òkun tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kùrukùru tiwọn la fi ọyẹ́ rọ́pò, a sì gbé ilé ńlá wọn sẹ́yìn àpáta. A ò gbọdọ̀ fi fóònù kọ ọ́. Wọ́n gbà kí n máa kọ tèmi ní Yorùbá.

Bàbá arúgbó kan wà nínú ìtàn mi. Gbólóhùn kan péré ni mo fi pa á. Bí mo ṣe kà á tán ni Dàpọ̀ figbe ta.

“Arábìnrin, kí lò ń kánjú sin ín sí? Láyé ìgbà yẹn èèyàn kì í kú kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹbí á yí bẹ́ẹ̀dì ká, ẹni tó ń lọ á sọ̀rọ̀ títí tíì á fi tutù nínú ife! Lọ jẹ́ kí bàbá náà sọ̀rọ̀, jàre.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wọn pé mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí bàbá tèmi lọ.

Wọ́n ti wẹ̀ yín tán láàárọ̀ Ọjọ́rú yẹn nígbà tí Bùrọ̀dá Sáídì pè mí láti Ṣàgámù. Ó ní, “Ara Bàbá ò yá díẹ̀. Máa bọ̀ nílé.” A kì í túfọ̀ bàbá fún ọmọ tó wà lọ́nà jíjìn, kó má baà ṣubú lójú títì. Mo mọ àṣà yẹn. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ bí ẹ̀yin fúnra yín ṣe ń fi sọ fún ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n ìdánwò wà ní Ọjọ́bọ̀, mo sì gba “díẹ̀” gbọ́. Mo ṣe ìdánwò. Mo fọ aṣọ. Mo ra iṣu Ìgbòho mẹ́fà nítorí yín, mo wá wọ mọ́tò ní Sátidé. Iṣu yẹn ni wọ́n gún fún àwọn tó wá ṣàdúà ọjọ́ kẹjọ. Mo jẹ níbẹ̀. Ṣé ẹ rí mi?

Láti ọjọ́ náà, ohun kan ni mo ń bi Bùrọ̀dá: kí lẹ sọ kẹ́yìn? Á ní ẹ sùn ni. Á ní ṣé mo ti jẹun.

Lọ́jọ́ Ajé, mo jókòó láti jẹ́ kí bàbá inú ìtàn sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kó ṣàdúà fún àwọn ọmọ rẹ̀, àdúà gígùn, bí Dàpọ̀ ṣe fẹ́. Ohun tí mo bá lórí bébà ni pé: “Ẹ ká ẹní yẹn kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kó má baà fẹsẹ̀ kọ.” Kò sí ẹní kankan nínú ìtàn mi. Kápẹ́ẹ̀tì ni mo tẹ́ sílé náà.

Mo gbé korobá, mo jáde lọ pọnmi. Ìyá Mùnírátù ń ṣa ẹ̀wà níwájú ilé.

“Àlejò rẹ ti lọ ni? Mi ò rí i kó o sìn wọ́n sọ́nà.”

“Àlejò wo, Mà?”

“Bàbá tó ń wúkọ́ yẹn ńkọ́. Máa bu omi gbígbóná fún wọn, ọyẹ́ yìí ò dáa fún àgbà.”

Mo ní mi ò lálejò. Ó wò mí, ó wo ilẹ̀kùn mi, ó sì ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Mi ò bi í bóyá ikọ́ náà jẹ́ méjì kúkúrú, ọ̀kan gígùn, bíi tiyín. Mo bẹ̀rù kó má lọ dáhùn.

Lánàá mo pe Bùrọ̀dá, mo ka gbólóhùn ẹní yẹn fún un.

“Ta ló sọ fún ẹ?”

“Ìtàn ni mo ń kọ.”

“Èmi nìkan ni mo wà lọ́dọ̀ wọn. Mi ò sọ fún ìyàwó mi pàápàá. Mo ní ta la fẹ́ ká ẹní fún, wọ́n ní ìwọ ni. Wọ́n ní o ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.”

Bàbá, Ṣakí ni mo wà láàárọ̀ yẹn. Ta lẹ rí?

Bùrọ̀dá ní gbólóhùn kan ṣì kù tí ẹ sọ. Kò gbà láti sọ ọ́ lórí fóònù, ó ní ojú mi lòun máa wò sọ ọ́. Bàbá inú ìtàn mi náà ti tún lanu, bébà kẹta sì wà lófìfo. Lónìí mo nu tábìlì, ṣùgbọ́n mi ò jókòó. Nígbà tí mo ti ìdí ẹ̀rọ omi dé, àga ti yọ kúrò lábẹ́ tábìlì díẹ̀. Bóyá èmi ni mo fà á.

Tí mo bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu Bùrọ̀dá, mi ò ní mọ̀ láéláé bóyá ẹ̀yin lẹ ń bá mi sọ̀rọ̀. Tí mo bá kọ́kọ́ kọ ọ́, tí kò sì bá tirẹ̀ mu, màá tún pàdánù yín lẹ́ẹ̀kejì. Tó bá wá bá a mu ńkọ́? Kí ni màá ṣe pẹ̀lú yín nínú yàrá kékeré yìí?

Mi ò ní lọ ìpàdé ẹgbẹ́ lọ́la. Tí mo bá kírun Àsùbáà tán, màá jókòó, màá dijú kọ gbólóhùn náà, màá ká bébà náà sí mẹ́rin láìwò ó. Màá wọ mọ́tò àkọ́kọ́ tó bá kúrò ní gáréèjì. Tí mo bá dé Ṣàgámù, màá fi bébà náà sọ́wọ́, màá sì jẹ́ kí Bùrọ̀dá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Èmi ni, ọmọ yín tí ìfẹ́ yín kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.