Mọ́tò Tí A Fún Ní Ìsinmi

Idella, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara Wendell ọkọ rẹ le, ṣé ọmọ yín ti ń rìn? Ọlọ́run tó mú ọ dé Cleveland kò ní jẹ́ kí o sọnù síbẹ̀. Ara àwa náà le, àfi orúnkún ìyá rẹ tí kò tíì jẹ́ kó lè gun àtẹ̀gùn rélùwéè.

Mọ́tò oníná mànàmáná tí ẹ fi ránṣẹ́ pé kó máa gbé ìyá rẹ wá wo ọmọ ti dé. Ó dákẹ́ débi pé mo rò pé kò tíì jí, àfi ìgbà tó wọ inú oko kábéèjì lọ. Ìyá rẹ fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, nítorí àtẹ̀gùn rẹ̀ kò ga, ó sì ní ìkòkò òdòdó kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Lọ́jọ́ kejì ni ìyá rẹ di ẹrù rẹ̀, a gbéra, ó di ọ̀dọ̀ rẹ.

Idella, ọ̀rọ̀ náà ò yé mi. A ò tíì jìnnà tí mọ́tò fi dúró lórí òkè. Mo ní ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Mo fi búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, mo gbé omi síwájú rẹ̀. Amos Pruitt aládùúgbò wa gbé mọ́tò tirẹ̀ kọjá, ó ní kí n já koríko fún un. Juno, abo ẹṣin wa, ló fà wá délé. Mo jẹ́ kí mọ́tò sinmi ní ilé ẹṣin títí Ọjọ́ Ìsinmi fi kọjá, síbẹ̀ kò dìde.

Nínú lẹ́tà rẹ, o ní ara ògiri ni mọ́tò ti ń mu iná. Mo ti wo gbogbo ògiri wa, pákó lásán ni. Mo gbé korobá lọ sí ṣọ́ọ̀bù Lathrop pé kó ta iná mànàmáná fún mi, ló bá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun. Ó ní kò sí ibi tí wọ́n ti ń rí i láti ọ̀dọ̀ wa títí dé ìtòsí yín, pé pẹtiróòlù ni kí n wá rà, àti pé kí ni ọkùnrin bíi tèmi ń wá nínú mọ́tò obìnrin. Bẹ́ẹ̀ mọ́tò Pruitt ń pariwo, ó ń rú èéfín, irin tó fi ń yí i kó tó jí ló sì ṣẹ́ ẹ lápá lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ní ìyẹn ni mọ́tò gidi. Ṣé ó yé ìwọ?

Èyí tó ń dùn mí ni ìyá rẹ. Ní gbogbo ọ̀sán ló ń dé fìlà rẹ̀, tó ń gbé báàgì lọ jókòó sínú mọ́tò nílé ẹṣin. Ó ní bí ara mọ́tò bá yá lójijì, òun ò fẹ́ kó máa dúró de òun. N kò lè wò ó mọ́.

Nítorí náà, jọ̀wọ́, mo fẹ́ kí o bá mi wá owó díẹ̀. Má fi ránṣẹ́ síbí. Fi ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè fún ara rẹ, kí o gbé ọmọ náà wá. Kí Olúwa ṣọ́ ẹ̀yin méjèèjì dé ẹnu ọ̀nà wa. Ìyá rẹ ò tíì gbé e rí, kò mọ bí ọmọ náà ṣe wúwo tó.

Èmi ni bàbá rẹ,
Orrin Teasdale