Kabúrétọ̀ Kékeré Ni Kí Ẹ Rà

Ẹ̀gbọ́n mi Titus,

Ẹ kú iṣẹ́ tíṣà ní Òkukù. Ìbàdàn dùn, ara mi le. Kabúrétọ̀ tí ẹ ní kí n yàn fún alùpùpù àtijọ́ yín, kékeré ni kí ẹ rà. Èyí ńlá á mú un sáré kọjá agbára búréèkì. Irú ńlá yẹn ni ọ̀gá tó ń kọ́ mi ní mẹkáníìkì fi sí alùpùpù tiwọn, tí búréèkì kò fi mú un. Àná la sin wọ́n.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé mo máa ń fi ohùn ọ̀gá sín wọn jẹ, tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù á rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ yìí, ìyàwó wọn ní kí n fi ohùn náà pe àwọn.

"Ìyá Dùntán, oúnjẹ mi dà?"

"Ó ń bọ̀ o," ni wọ́n wí. Wọ́n dìde, wọ́n dáná.

Ẹ bá mi kí Màámi. Ẹ ní mò ń jẹun dáadáa.

Àbúrò yín,
Oyèwálé